Ẹ gbà mí o: dókítà obìnrin méjì orí tẹlifíṣọ̀n ti gba oorun lójú mi

Adéọlá Leeds (ọjọ́ Àìkú, 10:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí. N kò kọ nǹkan kan rí àfi ọjọ́ tí mo béèrè ẹni tó ń ta èlùbọ́ tí kò ní iyanrìn. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, òru ni mo sì sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ìsinmi aago mẹ́ta òru, mo ń wo bí obìnrin kan ṣe ń se gbẹ̀gìrì lórí YouTube. Gbẹ̀gìrì parí, fídíò mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà obìnrin méjì ni, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Mo ní, áà, ẹni tó kọ èyí mọ iṣẹ́ wa. Bí àwa náà ṣe ń jókòó nìyẹn tí ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ ikú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ọ̀kan ń tu èkejì nínú. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu.

N kò pa fóònù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Mo dá fídíò náà padà sẹ́yìn, mo tún un wò.

Láti ọjọ́ náà mo ti mọ̀ pé Holby City ni wọ́n ń pe eré náà, pé BBC ló ṣe é, pé Bernie Wolfe àti Serena Campbell lorúkọ àwọn méjèèjì, àti pé àwọn tó fẹ́ràn wọn ti so orúkọ wọn pọ̀, Berena ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo ti di ẹni ọdún 52. Opó ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. N kò fẹ́ràn eré ìfẹ́ rí, àní nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi telenovela ṣe oúnjẹ alẹ́. Ní báyìí, nínú bọ́ọ̀sì, mo ń ronú nípa bí Serena ṣe wo Bernie.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, bá mi ní kíṣìnì tí omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Mo ní àlùbọ́sà ni. Ìrẹsì funfun nìkan ló wà lórí iná.

Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ègé ègé ni mo ń wò, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí n lè wò ó bó ṣe yẹ? Ṣé ẹlòmíràn wà nínú wa tí irú eléyìí mú rí? Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ bó ṣe parí fún mi.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham (10:31 alẹ́)

Ẹ káàbọ̀ sílé, mà! Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ṣe é nígbà náà, aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni tó bá sì pè mí láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, kí ó jẹ́ pé ilé ló ń jó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Serena ti wà níbẹ̀ láti 2012, ṣùgbọ́n ọdún 2016 ni Bernie dé, kò sì dé bíi dókítà. Orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni wọ́n gbé e wọlé. Oníṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ ogun ni, bọ́ǹbù ló ṣe é léṣe ní Afghanistan. Ó ní ọkọ, ó bímọ, ó sì ní àṣírí kan tó kó bọ̀ láti ojú ogun. Tí ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, ẹ ò ní mọ ìdí tó fi ń sá fún ohun tó ń wù ú.

Nípa ọjọ́ orí tí ẹ mẹ́nu bà: ẹni ọdún 51 ni Jemma Redgrave nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bernie. Catherine Russell tó ṣe Serena náà kì í ṣe ọmọdé. Ohun tó mú mi nìyẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin tó bá ti lé ní àádọ́ta, ìyá ọkọ ni wọ́n máa ń fi í ṣe, tàbí òkú tí ọlọ́pàá ń wádìí. Ọmọ àwọn méjì yìí ti dàgbà, ìgbéyàwó wọn ti tú, ọ̀gá sì ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Àyà wọn tún ń já bíi ti ọmọ ilé ìwé.

Bàbá Kọ́lá (10:40 alẹ́)

Holby yìí, ṣé èyí tó wà lẹ́bàá Bristol náà ni? Ó dà bíi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Fẹ́mi Watford (10:52 alẹ́)

Bàbá Kọ́lá, kò sí ìlú tó ń jẹ́ Holby láyé yìí o, àfi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ti ń purọ́ fún yín. Wọ́n dá a sílẹ̀ ni. Borehamwood, ní ọgbà BBC Elstree, ni wọ́n ti ń ya Holby City. N kò jìnnà síbẹ̀. Bristol tí ẹ gbọ́, ti Casualty ni, eré BBC mìíràn nípa ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ìyẹn láti 1986 kí wọ́n tó kó o lọ sí Cardiff. Inú Casualty ni Holby City ti jáde wá ní oṣù Kìíní 1999, wọ́n sì pa á tì ní oṣù Kẹta 2022. Nítorí náà, mà, gbogbo rẹ̀ ti parí, kò sí ẹni tó máa fi yín sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun kan tí àwọn Yorùbá kì í sọ: ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Jimmy Akingbola ló ṣe dókítà Antoine Malick láàárín 2011 sí 2013. Ọkùnrin ni Malick ń fẹ́. Ilé ìwòsàn yẹn ti ń sọ irú ìtàn yìí ṣáájú kí Bernie tó dé.

Elder Dípọ̀ (11:05 alẹ́)

Èmi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ara yín. Opó, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni ọdún 52, ẹ sì ń júwe ibi tí yóò ti wo obìnrin méjì tó ń fẹnu konu fún un? Ohun tí ojú bá ń wò ló ń wọ ọkàn. Arábìnrin, ẹ pa á tì. Eré Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham (11:09 alẹ́)

Elder, ẹ kú alẹ́ sà. Nínú eré Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ wò dàgbà, ẹni mélòó ni ìyálé fi májèlé pa? Mélòó ni wọ́n sọ di ewúrẹ́? Ojú wa ń wò ó láti kékeré, kò sí ewúrẹ́ kankan nínú wa.

Elder Dípọ̀ (11:16 alẹ́)

Ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ṣe ibi máa ń jẹ èrè rẹ̀ kí eré tó parí.

Ẹni Ìjẹ̀bú (11:20 alẹ́)

Mo wá jókòó sẹ́yìn, mo gbé ẹ̀pà dání. Ẹ máa bá a lọ.

Alhaja Kékeré, Bradford (11:47 alẹ́)

Adéọlá, ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí a ò tíì pàdé, mo ní láti bá ọ sọ òótọ́ nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Coronation Street ni tèmi. Mùsùlùmí ni mí, Rana inú eré náà sì jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n wá láti Pakistan kò sì fẹ́ gbọ́ pé Kate Connor ló fẹ́ràn. Nọ́ọ̀sì ni Rana pẹ̀lú, bíi tìrẹ. N kò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó nítorí ìfẹ́. Mo ń wò ó nítorí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá tèmi gan-an nìyẹn, bó ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ jẹ ọmọ níyà. Ọ̀rọ̀ ọkọ ló bá èmi àti ìyá mi jà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ẹkún náà jọra. Kí n tó mọ̀, mo ti ń gbàdúrà fún Rana bí ẹni pé àbúrò mi ni.

Ọdún 2019, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, òrùlé ilé iṣẹ́ aṣọ wó lu Rana. Ó kú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ gbọ́ mi! Mo pa tẹlifíṣọ̀n, n kò sì tíì padà sí àdúgbò yẹn títí di òní.

Ìmọ̀ràn mi: yan ibi tí inú wọn ti dùn, kí o dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé èé ṣe tí o ò wò ó parí. Èmi ìbá ti dúró lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra aṣọ.

Gbénga Coventry (ọjọ́ Ajé, 12:03 òru)

Alhaja ti sọ ọ́. Ti Berena yìí náà, ẹ dúró ní Kérésìmesì 2016, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ni [Alábòójútó ti pa ìlà mẹ́ta rẹ́ níbí.]

Alábòójútó (12:06 òru)

Gbénga, arábìnrin ní kí ẹ má sọ bó ṣe parí. Ìlà kẹrin ìbá jẹ́ kí n lé ọ jáde.

Gbénga Coventry (12:08 òru)

Ẹ máa bínú. Ọ̀rọ̀ ló dùn mí.

Adéọlá Leeds (12:15 òru)

Mo ti ka ìlà kan kí wọ́n tó pa á rẹ́. Gbénga, Ọlọ́run rí ọ.

Ọ̀mọ̀wé Bísí (7:22 àárọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀. N kò fara mọ́ "dúró níbi tó dùn". Ohun tí Alhaja sọ ní orírun, ó sì yẹ kí Adéọlá mọ̀ ọ́n kí ó tó pinnu.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ eré ti ń ṣe é báyìí: bí obìnrin méjì bá ti rí ara wọn tán, tí inú wọn wá dùn, kí o ka iṣẹ́jú. Lọ́dún 2002, nínú eré Amẹ́ríkà kan nípa ọmọbìnrin tó ń pa iwin, Tara àti Willow ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà wọn. Ọta ìbọn tí wọn ò yìn sí Tara ló wọlé láti ojú fèrèsé tó sì pa á. Ó di ọdún 2016, nínú The 100, eré Amẹ́ríkà mìíràn, Lexa àti Clarke ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ ìfẹ́, ọta ìbọn tí wọn ò yìn sí Lexa ló tún pa á. Ọdún 14 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ikú wọn sì rí bákan náà.

Ẹ wo ohun tí àwọn olólùfẹ́ Lexa ṣe. Wọ́n sunkún, wọ́n bú àwọn òǹkọ̀wé, lẹ́yìn náà wọ́n dá owó jọ, ó lé ní 100,000 dọ́là, wọ́n fún àjọ The Trevor Project tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ para wọn sílẹ̀. Ọdún kejì, wọ́n pe ìpàdé sí Las Vegas, wọ́n so orúkọ Clarke àti Lexa pọ̀ di Clexa, wọ́n sì fi pè é, ClexaCon. Inú ìbínú ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá dúró níbi tó dùn kò ní bínú, kò sì ní mọ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Èmi á wò ó tán, mo sì máa ń ní aṣọ ìnujú nítòsí.

Alhaja Kékeré, Bradford (7:40 àárọ̀)

Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ń fi eré ṣe ìwádìí. Àwa ti ṣe iṣẹ́ wákàtí méjìlá, a kàn fẹ́ sinmi ni.

Kúnlé Harehills (8:15 àárọ̀)

Àǹtí Adéọlá, Leeds ni mo wà bíi tiyín, ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín sì ni pé ẹ̀ ń wá ìfẹ́ lọ sí Borehamwood nígbà tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Leeds níbí ni wọ́n ti ń ya Emmerdale, abúlé tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ yẹn, orí ilẹ̀ Harewood ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìyàwó mi ló mú mi wọ̀ ọ́. Vanessa, dókítà ẹranko, àti Charity tó ń ta ọtí ní Woolpack. Wọ́n kórìíra ara wọn. Lọ́dún 2017, ilẹ̀kùn yàrá ìpamọ́ ọtí há mọ́ wọn nísàlẹ̀ ilé, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń mutí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọ̀rọ̀ ti dayọ̀. Vanity ni wọ́n ń pè wọ́n.

Mo jẹ́ ọkùnrin, n kò sì tijú láti sọ ọ́: ẹnu Charity yẹn, àwọn ìyá ọlọ́jà tí mo mọ̀ ní Dùgbẹ̀ ló jọ.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham (8:33 àárọ̀)

Kúnlé, ẹ má kó o lójú pọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ẹyọ kan ná.

Mà, lórí ọ̀rọ̀ ègé: ẹ má gbára lé àwọn fídíò tí wọ́n gé. Àwọn olólùfẹ́ ṣiṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé dànù náà wúlò. Nínú ègé, ẹ ò ní rí Jason, ọmọ ẹ̀gbọ́n Serena, tí gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ lọ létòlétò fún, tó sì ń sọ òótọ́ tí àwọn àgbà ń fi pamọ́. Ẹ ò ní rí Fletch, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Tí ẹ ò bá mọ Fletch, ìfẹnukonu lásán lẹ wò.

Fẹ́mi Watford (8:50 àárọ̀)

Mo ta kò ó. Wákàtí kan ni apá kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì kì í sì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Òṣìṣẹ́ òru ni obìnrin yìí. Kí ó wo ègé ní àárín ọ̀sẹ̀, kí ó wo odindi lọ́jọ́ ìsinmi.

Tí ẹ bá rí i lórí iPlayer, ibi tí BBC ń kó eré rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó lórí fóònù, ìyẹn ò béèrè ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n.

Elder Dípọ̀ (9:02 àárọ̀)

Irọ́ ni, Fẹ́mi. Láti oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n ti béèrè ìwé àṣẹ fún iPlayer, ìbáà ṣe lórí fóònù, ìbáà ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 pọ́n-ùn. Bí arábìnrin bá máa dẹ́ṣẹ̀, kí ó má fi ti ìjọba kún un.

Ẹni Ìjẹ̀bú (9:04 àárọ̀)

Elder ti wọ ẹgbẹ́ wa láìmọ̀.

Ṣadé Yábàá (9:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ̀ ń jayé orí yín. Níbí, bí wọ́n bá bá irú fídíò yẹn lórí fóònù ẹni, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Èmi náà fẹ́ràn àwọn ará Thailand kan tí n kò ní dárúkọ. Abẹ́ aṣọ ìbora ni mo ti ń wò ó, mo ń fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí mo bá wò ó tán, mo máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lọ́yà Abẹ́òkúta (9:58 àárọ̀)

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, nítorí àṣìsọ òfin ń dẹ́rù ba èèyàn ju òfin fúnra rẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní 2014 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin náà. Ọdún 14 wà fún ẹni tó bá bá ẹni tó jọ jẹ́ obìnrin tàbí tó jọ jẹ́ ọkùnrin ṣe ìgbéyàwó. Ọdún 10 wà fún ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ náà hàn ní gbangba, tàbí tó bá dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tó ń ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó ní kí wọ́n mú ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ tó ń wo eré.

Ṣùgbọ́n àṣà pípa rẹ́ yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá gba fóònù yín ní ojú ọ̀nà kò ní dúró ka òfin. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún dídá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán yín. Ọ̀rọ̀ "ẹgbẹ́" inú òfin yẹn fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣadé Yábàá (10:11 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, sà. Mo jáde kúrò nínú méjì báyìí báyìí.

Títílayọ̀ Salvador (1:26 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán láti Bahia, ní Brazil. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ibí ní Yorùbá, ìyálé ilé tí mo gbé yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í fi novela, telenovela ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Globo, ṣeré. Òun ló sọ ìtàn kan fún mi tó yẹ kí Adéọlá gbọ́.

Lọ́dún 1998, obìnrin méjì wà nínú Torre de Babel, tọkọtaya bí ẹni tí ẹ lè rí lójú pópó, wọ́n lówó, wọ́n sì ní làákàyè. Àwọn òǹwòran bínú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Nínú ìtàn náà, ilé ìtajà ńlá kan bú gbàmù, àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń fi bọ́ǹbù yanjú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọdún 2015 wá dé, Babilônia bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, Fernanda Montenegro àti Nathalia Timberg fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ẹni ọdún 85 ni àwọn méjèèjì! Fernanda yìí, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní Brazil, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró. Àwọn aṣòfin oníjọ pariwo, àwọn kan ní kí gbogbo èèyàn pa tẹlifíṣọ̀n, èrò tó ń wò ó sì dín kù. Ìyálé mi ní ohun tó bí àwọn èèyàn nínú jù kì í ṣe pé obìnrin ni wọ́n. Ó ní pé wọ́n dàgbà ni. Ìyá àgbà kò gbọdọ̀ ní ẹnu tó ń fẹnu konu, ẹnu rẹ̀ wà fún ìbùkún nìkan.

Òun náà ti di ẹni ọdún 78, ìyá àdúgbò ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Ó wò ó títí dé alẹ́ ìkẹyìn, ó ní òun kò lè fi àwọn ẹgbẹ́ òun sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Nítorí náà ti Ọ̀mọ̀wé Bísí ni mo bá lọ: ẹ wò ó tán.

Bàbá Kọ́lá (1:50 ọ̀sán)

85? Ẹ kú orí ire.

Tọ́lání_21 (4:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Mo kúnlẹ̀. Ó jọ pé èmi ni mo súnmọ́ ọjọ́ orí ọmọ yẹn jù níbí.

Mà, mo ní ìbéèrè kan. YouTube tí ẹ fi ń wò ó lórí fóònù, ṣé òun náà lẹ fi wọlé sórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀?

Adéọlá Leeds (4:20 ìrọ̀lẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ló bá mi tò ó. Kí ló dé?

Tọ́lání_21 (4:23 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí ẹ bá wò lórí fóònù, irú rẹ̀ ló máa yọ sórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Mà, ó ti rí i. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń rí i.

Ẹni Ìjẹ̀bú (4:24 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀pà mi ti tán. Ẹ dúró kí n lọ ra òmíràn.

Alhaja Kékeré, Bradford (4:41 ìrọ̀lẹ́)

Adéọlá, má sáré. Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí o má sọ nǹkan kan fún un, àṣírí àgbà kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti mọ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ ló máa kọ́ ọ, kì í ṣe eré náà. Mo ti sọ irú ìyá tí mo ní fún ọ.

Tọ́lání_21 (4:58 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí Alhaja sọ ni. Mà, ẹ má pè é jókòó bí ẹni tó fẹ́ kéde òkú. Tí màmá mi bá ní "wá jókòó," inú mi ti máa ń run mí. Ẹ kàn ṣí i lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá wà ńlé, kí ẹ sì ní, "Ǹjẹ́ o mọ àwọn wọ̀nyí?" Ó ṣe.

Ẹ sì má bi í ní ìbéèrè kankan nípa ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìkankan. Bó bá ní nǹkan tó fẹ́ sọ, ó ti rí i báyìí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ máa ń fi sá lọ sábẹ́ àdúrà.

Elder Dípọ̀ (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Èmi ò yí èrò mi padà lórí eré náà. Ṣùgbọ́n kí ìyá má parọ́ àlùbọ́sà fún ọmọ, mo fara mọ́ ìyẹn.

Adéọlá Leeds (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 11:38 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣiṣẹ́ òru méjì tẹ̀léra, ni ẹ ò fi gbúròó mi.

Mo ṣe é bí Tọ́lání ṣe wí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí i ní pálọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tẹ ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ibi tí wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀." Láti ọdún tó kọjá ló ti wò ó tán! Ó ní òun ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi ni. Ó ní àlùbọ́sà yẹn, òun lọ rẹ́rìn-ín nínú balùwẹ̀.

N kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó nira fún mi o, ẹ ò lè mọ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ láti 2016, bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ní ká ṣe. Ìjà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ọmọ náà ní n kì í jẹ́ kí òun gbọ́rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹjọ́ yìí: dókítà wọlé tọ aláìsàn, kò fọ ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, ó yí sẹ́yìn ó ń wo ẹlòmíràn tìfẹ́tìfẹ́. Kí n máa wò ó? Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́? Dókítà ńlá méjì ló ń gbé aláìsàn, tí wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń ka ìfúnpá, bí ẹni pé a ti lọ síbi ìnáwó. Serena sì ń mu wáìnì Shiraz tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti gbé òfin kalẹ̀ báyìí: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo lè dá eré dúró ní alẹ́ kan.

Alhaja, Ọ̀mọ̀wé, n kò tíì mọ ibi tí n ó dúró sí. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n tán, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Bó bá fà mọ́ mi lórí àga, mo mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

Fẹ́mi Watford (11:45 alẹ́)

Ti fífọ ọwọ́ yẹn, ẹ jàre.

Kúnlé Harehills (11:51 alẹ́)

Tí ẹ bá ti parí, Vanity wà níbí o. Ọ̀nà ò jìn.

Adéọlá Leeds (ọjọ́ Ẹtì, 10:56 alẹ́)

A ti kọjá ibi ìfẹnukonu. Mo ti rò pé adùn ló kù. Obìnrin yìí gbé àpò rẹ̀, ó lọ sí Kiev! Kiev! Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kò lè dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí àgbà. Serena dúró síbẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn já sílẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mo dìde lọ sí kíṣìnì. Ẹ má sọ bóyá ó padà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́. Gbénga, ìwọ ni mo ń bá wí.

Gbénga Coventry (10:58 alẹ́)

Ẹnu mi ti di.

Tọ́lání_21 (11:01 alẹ́)

Kíṣìnì, mà? Ṣé àlùbọ́sà wà níbẹ̀?